Ìpadàbọ̀ Sídìí Kàtúùnù Orí Kọ̀ǹpútà: Ohun Tí Ọpọlọ Kò Gbàgbé àti Ohun Tí Ara Kò Gbà Mọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún lónìí ló ní iṣẹ́ ìgbafẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ oṣù, ìgbéyàwó àti ọmọ títọ́ mú kí wọ́n pa á tì. Lára irú iṣẹ́ ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣe àwòrán kàtúùnù tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀, tàbí tí ènìyàn bá ra kọ̀ǹpútà tuntun, ìfẹ́ àtijọ́ náà a tún sọjí, ẹni náà a sì jókòó láti tún gbá a mú.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a gbìyànjú fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a rí i pé ọwọ́ kò yá mọ́, wọn a sì gbà pé ọpọlọ àwọn ti darúgbó, ni wọn a bá jáwọ́. Àwọn mìíràn a dojú kọ iṣẹ́ náà bí ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ogún ọdún, wọn a máa ṣe é mọ́jú, títí ọrùn ọwọ́, ojú àti ẹ̀yìn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn ni pé ìhà méjèèjì ló ṣì í: ọpọlọ kì í gbàgbé tó bí àwọn ti àkọ́kọ́ ṣe rò, bẹ́ẹ̀ ni ara kò lágbára tó bí àwọn ti ìkejì ṣe rò.

Iṣẹ́ tó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí

Àwòrán kàtúùnù kì í rìn ní tòótọ́. Ojú ló ń rí àwòrán púpọ̀ tó fi díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ọpọlọ a sì so wọ́n pọ̀ bí ìrìn kan ṣoṣo. Nínú fíìmù, àwòrán 24 ló sábà máa ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú àáyá 10 ń béèrè àwòrán 240, ìṣẹ́jú kan péré sì ń béèrè àwòrán 1,440.

Kọ̀ǹpútà ń gba ènìyàn lọ́wọ́ yíya gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán a gbé ẹ̀dá inú àwòrán sí àwọn ipò tó ṣe pàtàkì, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ àti ìgbà tó gbéra, kọ̀ǹpútà a sì ṣe àwọn àwòrán tó wà láàárín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ bí àgbà tó ti rẹ̀ ṣe ń dìde lórí àga, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrìn ẹni tí inú rẹ̀ dùn àti ti ẹni tó ń tibi ìsìnkú bọ̀. Ojú ènìyàn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń tún un ṣe, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ fi lè mú ènìyàn jókòó lójú kan fún ọ̀pọ̀ alẹ́.

Ìrántí oríṣi méjì

Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ máa ń fi ìyàtọ̀ sáàárín oríṣi ìrántí méjì. Ọ̀kan ni ìrántí ohun tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ: orúkọ, ọjọ́, tàbí ibi tí bọ́tìnnì kan wà. Èkejì ni ìrántí ohun tí ara mọ̀ ọ́n ṣe: kẹ̀kẹ́ gígùn, ìlù lílù, irun dídì. Ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú èkejì yìí sí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kì í sì í tètè parẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ la ojú àwọn onímọ̀ sí èyí ni Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí wárápá tó ń bá a fínra, wọ́n sì yọ apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, títí kan púpọ̀ nínú ibi tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Láti ìgbà náà, kò lè fi ohun tuntun tó bá ṣẹlẹ̀ sọ́kàn mọ́. Onímọ̀ kan, Brenda Milner, wá ní kí ó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀, ṣùgbọ́n kí ó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí nìkan. Iṣẹ́ yìí nira fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ ṣe é. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ Molaison dára sí i gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí. Milner gbé àbájáde yìí jáde ní ọdún 1962. Ọkàn ti gbàgbé ẹ̀kọ́ náà, ọwọ́ kò gbàgbé.

Ohun tí a há sórí pàápàá kì í lọ tán. Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí àyẹ̀wò tó ṣe lórí ara rẹ̀. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún wọn kọ́. Ó rí i pé àkókò tí àtúnkọ́ gbà kéré sí èyí tí ó lò nígbà àkọ́kọ́. Ohun tó dà bí ẹni pé ó ti sọnù ti fi ipa sílẹ̀, ipa náà ló sì ń mú kí àtúnkọ́ yá. Ẹni tó bá padà sídìí kàtúùnù lẹ́yìn ọdún 15 kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aláìmọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lójú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ló dé tí ọwọ́ fi ń ṣìnà?

Bí ọwọ́ kò bá gbàgbé, èé ṣe tí gbogbo nǹkan fi máa ń rúni lójú? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé irinṣẹ́ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 2000 sí 2010 ló lo Flash, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Macromedia kí Adobe tó ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2005. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Adobe jáwọ́ nínú títọ́jú Flash Player, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tún fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lè rí i pé kò ṣí mọ́.

Àwọn mìíràn lo Blender, tí ènìyàn lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Títí di oṣù Keje ọdún 2019 tí ẹ̀dà 2.80 jáde, bọ́tìnnì ọ̀tún ara máòsì ni wọ́n fi ń mú ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bọ́tìnnì òsì ni, àyàfi bí ẹni tó ń lò ó bá yí i padà. Nítorí náà, ẹni tó pa Blender tì ní ọdún 2008 tó wá padà lónìí a máa tẹ ọ̀tún, ohun tí kò retí a sì yọ sí i. Òun a ní òun ti gbàgbé. Òdì kejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: kò gbàgbé rárá, àṣà àtijọ́ náà ṣì wà láàyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá tuntun jà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí fún awakọ̀ láti Nàìjíríà tó bá kọ́kọ́ wa ọkọ̀ nílùú London, níbi tí ìdarí ọkọ̀ ti wà lápá ọ̀tún. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà mọ́.

Àyè wà nínú Blender láti dá a padà sí bọ́tìnnì ọ̀tún. Ohun tó dára ni kí ènìyàn yan ọ̀kan, kí ó sì dúró tì í, nítorí pé lílo èyí lónìí àti lílo ìyẹn lọ́la ló ń fa ìdàrúdàpọ̀ gùn. Bọ́tìnnì lè yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ náà kò yí padà: bí bọ́ọ̀lù tó fúyẹ́ ṣe ń ta gìrì tí èyí tó wúwo sì ń tètè dúró, bí ara ṣe máa ń kọ́kọ́ rẹlẹ̀ kí ó tó fò sókè. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn rí ṣì mọ̀ ọ́n.

Ǹjẹ́ ó ṣe ìlera láǹfààní?

Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Jámánì kọ́ àwọn àgbàlagbà kan bí wọ́n ṣe lè máa fi bọ́ọ̀lù mẹ́ta ju sókè kí wọ́n sì máa hán wọn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, ibi tí ọpọlọ fi ń rí ohun tó ń rìn ti tóbi sí i díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mìíràn tí wọn kò fi ṣe é, ó tún dín kù. Ní ọdún 2008, irú àyípadà bẹ́ẹ̀ tún hàn lára àwọn tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọpọlọ àgbà ṣì ń gba ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá lò, ọpọlọ a dín àyè rẹ̀ kù.

Ní ti ọkàn, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016 láti Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà 39 fi ìṣẹ́jú 45 ṣe iṣẹ́ ọnà. Nínú ìdá mẹ́rin wọn, ìdá mẹ́ta ni cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú, dín kù lára wọn. Ó ṣe é fún àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwádìí mìíràn, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine ní ọdún 2023, wo 93,263 ènìyàn tó ti pé ẹni ọdún 65 ó lé ní orílẹ̀-èdè 16. Àwọn tó ní iṣẹ́ ìgbafẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bí àwọn tí kò ní, wọ́n sì sọ pé ìgbésí ayé tẹ́ àwọn lọ́rùn jù.

Kò yẹ kí ènìyàn sọ ìwádìí wọ̀nyí di oògùn. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dá lórí kàtúùnù orí kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2023 sì lè fi hàn pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ló dájúdájú fa èkejì. Síbẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ.

Ojú lẹ́yìn ogójì ọdún

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó padà máa ń rí ni pé ojú kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ẹni ogójì ọdún, awò inú ẹyinjú a máa le sí i, kò sì ní lè tètè yí ara padà mọ́ láti rí ohun tó wà nítòsí. Àrùn kọ́ nìyẹn, ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ a máa na ọrùn sí kọ̀ǹpútà, orí àti ọrùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́jú tó bó ti yẹ, omi ojú a gbẹ, ojú a sì máa ta á.

Àwọn oníṣègùn ojú gbani nímọ̀ràn pé lẹ́yìn gbogbo ogún ìṣẹ́jú, kí ènìyàn wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí kọ̀ǹpútà jìnnà síni tó ìwọ̀n apá tí a nà, kí òkè rẹ̀ má sì ga ju ojú lọ. Ẹni tó bá nílò awò ojú, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò dípò kí ó ra èyí tí wọ́n ń kiri ní títì. Àyẹ̀wò yẹn náà ló lè tètè rí glaucoma, àrùn tó ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀ láìdunni, tí ohun tó bá sì ti bà jẹ́ kì í padà mọ́.

Ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn

Ní ọrùn ọwọ́, ọ̀nà tóóró kan wà tí okùn iṣan mẹ́sàn-án àti iṣan ìmọ̀lára kan jọ ń gbà kọjá. Bí ibẹ̀ bá wú, a máa fún iṣan ìmọ̀lára náà mọ́lẹ̀, àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín a sì máa kú tipiri, pàápàá lóru. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní carpal tunnel syndrome. Àwọn obìnrin, aláboyún àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló tètè ń ní in. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò pé kọ̀ǹpútà nìkan lè fà á, ṣùgbọ́n ó dájú pé ṣíṣe ohun kan náà fún wákàtí púpọ̀ láìsinmi ń mú ọwọ́ roni.

Kí ọrùn ọwọ́ wà ní títọ́, kí ó má tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Kí ènìyàn má di máòsì mú pinpin. Kí ó máa dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká lè gbé e lé orí ìwé mélòó kan kí ó lè ga tó ojú, kí ó sì lo kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ọ̀tọ̀. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kí ènìyàn ti máa ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ọrùn àti ìbàdí ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó ń mú èémí yára díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Ẹni tó ti jókòó ní ọ́fíìsì látàárọ̀, tó tún wá jókòó sídìí kàtúùnù lálẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ ìgbafẹ́ gba àyè ìrìn yẹn.

Oorun àti ọ̀rọ̀ iná

Ní ilẹ̀ wa, ìgbà tí iná ìjọba bá dé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ààjìn òru. Oorun wákàtí méje ó kéré tán ni ara àgbàlagbà ń béèrè lóru kan. Àìsùn a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì tún ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́, nítorí pé nígbà oorun ni ọpọlọ ń fìdí ohun tí ọwọ́ ṣe lójúmọmọ múlẹ̀. Ẹni tó fi oorun rà kàtúùnù ń fi ọwọ́ kan kọ́ ilé, ó ń fi èkejì wó o.

Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ènìyàn tàn, kò gbọ́dọ̀ sí nínú ilé, ní kọ̀rídọ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé lójú oorun. Bí orí bá ń fọ́ni, tí òòyì ń kọ́ni tàbí tí èébì ń gbéni nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wà lórí iná, kí gbogbo ará ilé jáde síta lójú ẹsẹ̀.

Ìtìjú àti ìfiwéra

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà kì í ṣe ọwọ́ dídùn, ìtìjú ni. Ní ọdún 2024, eré Iwájú tí àwọn òṣèré kàtúùnù ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó, jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, fíìmù Flow tí Gints Zilbalodis, ará Latvia, darí gba ẹ̀bùn Oscar, Blender sì ni wọ́n fi ṣe é. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ wé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọdún ṣe yóò kàn ba ara rẹ̀ lọ́kàn jẹ́ ni. Ẹni tó yẹ kí ènìyàn fi ara rẹ̀ wé ni ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa a máa ní kí ẹni tó padà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan tó ń ta nílẹ̀, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrìn ẹsẹ̀ méjì, tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ìdajì wákàtí, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, ń ṣeni láǹfààní ju wákàtí mẹ́fà lóru ọjọ́ kan lọ. Iṣẹ́ kékeré tó parí ló ń fún ọkàn ní okun láti ṣe òmíràn. Èyí tó tóbi tí kò parí ló ń di ẹ̀rù síni lọ́rùn.

Ìgbà wo ló yẹ kí ènìyàn rí dókítà?

Kí ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn bí ìka bá ń kú tipiri tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ọwọ́ kò bá lè di nǹkan mú mọ́, tàbí bí ìrora bá ń jíni lóru. Bí ojú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, tí ó ń rí ìkọ̀yẹ̀rì iná tàbí tí ó ń dunni gidi, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ó sì ń dunni lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan.

Ọ̀kan wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí àìsàn. Bí ẹnì kan bá padà sídìí ohun tó fẹ́ràn rí, tí kò sì dùn mọ́ ọn, tí oúnjẹ, ẹbí àti ọ̀rẹ́ pàápàá kò dùn mọ́ ọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó nílò ìtọ́jú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó. Kí ó sọ fún dókítà bí ó ṣe máa sọ ti ibà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Ọwọ́ tó ti mọ kàtúùnù rí yóò tún mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá fún un ní àsìkò, tí wọ́n sì jẹ́ kí ara tó gbé e dúró ní ìsinmi.